Ẹja irin tó ń tan ẹja òkun jẹ: ohun tó so Ládìpọ̀ pọ̀ mọ́ etí ọ̀sà

Àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ, yóò ṣe bí ọ̀bọ. Inú igbó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìdájí tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, àwọn kan máa ń dúró lórí àpáta tí ìgbì òkun ń gbá. Wọn kò mú ekòló lọ́wọ́, wọn kò mú edé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní àwọ̀n. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń ká okùn, àti ẹja àtọwọ́dá tí wọ́n fi ike tàbí irin ṣe. Wọn á ju ẹja àtọwọ́dá yìí sínú òkun, wọn á sì máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹja kékeré tó fara pa. Ẹja ńlá yóò rò pé oúnjẹ ti dé, yóò sáré bò ó, ìwọ̀ á sì kọ́ ọ lẹ́nu. Ẹja tí wọ́n ń wá yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sea bass.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé London mọ ẹja náà dáadáa, nítorí pé ó wà lórí tábìlì àwọn ẹlẹ́ja ní Peckham àti ní ọjà Ridley Road. Ó mọ́lẹ̀ bíi fàdákà, ìpẹ́ rẹ̀ le, ẹran rẹ̀ funfun, kò sì fọ́ bọ̀rọ̀ nínú ọbẹ̀ ata. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹja ọ̀sìn ni, láti ilẹ̀ Tọ́kì àti Gíríìsì. Èyí tó ń dá rìn nínú òkun ṣọ̀wọ́n, ó gbọ́n, ó sì lágbára. Òun ni èèyàn ń tìtorí rẹ̀ jí láago mẹ́rin ìdájí nínú òtútù.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé kí ló kan Ládìpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹja òkun. Bí wọ́n bá dárúkọ Ládìpọ̀ ní Mushin, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, gíáàbọ́ọ̀sì, iná ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn. Láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti òkè ọya ni wọ́n ti ń wá ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀. Kò sí odò ńlá kankan tó kọjá láàárín ọjà náà. Síbẹ̀, nǹkan méjì ló so ó pọ̀ mọ́ ẹja. Èkíní ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú un. Èkejì wà nínú gọ́tà, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ náà ná. Bí wọ́n bá tú ẹ̀rọ tó ń ká okùn yìí palẹ̀ sórí tábìlì mẹkáníìkì, kò sí ọmọ iṣẹ́ kan ní Ládìpọ̀ tí yóò wò ó bí àjèjì. Jíà wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, kí ọwọ́ tó bá yí lẹ́ẹ̀kan lè mú okùn ká lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ríǹ wà níbẹ̀, sípíríǹgì wà níbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni àwọn pẹlẹbẹ róbótó tí wọ́n tò lé ara wọn lórí kẹ̀kẹ́ okùn, tí nọ́ọ̀tì kan sì ń tẹ̀ wọ́n pọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ gan-an nìyẹn. Bí ẹja bá fà ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn pẹlẹbẹ náà á yọ̀ lórí ara wọn, kẹ̀kẹ́ á sì tú okùn sílẹ̀ fún un, dípò kí okùn já. Bí ó bá rẹ ẹja, apẹja á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Nínú èyí ni gbogbo àṣírí fífi ohun èlò fẹ́ẹ́rẹ́ mú ẹja ńlá wà. Okùn tí kò lè gbé ju kílò mẹ́jọ lọ lè mú ẹja tó ń jà bí àgbò, bí ẹni tó dì í mú bá ti fún nọ́ọ̀tì náà dé ibi tó tọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fún un kó lè yọ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta agbára okùn. Ìyẹn ni pé bí okùn bá lè gbé kílò mẹ́jọ, kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹja bá ti fà tó kílò méjì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bó bá le jù, okùn á já. Bó bá dẹ̀ jù, ìwọ̀ kò ní wọlé. Ẹni tó bá ti jó kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ rí lójú títì kò nílò àlàyé mìíràn.

Iṣẹ́ aṣọ híhun ni ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí ti wá. Alfred Illingworth, ọ̀kan lára àwọn ọlọ́rọ̀ nídìí iṣẹ́ aṣọ ní ìlú Bradford, ló gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní ọdún 1905. Kí ó tó dé, kẹ̀kẹ́ okùn gbọ́dọ̀ máa yí bí okùn bá ń jáde, nítorí náà, ohun tó wúwo nìkan ni èèyàn lè jù jìnnà. Nínú ẹ̀rọ tuntun yìí, kẹ̀kẹ́ dúró gbọin, okùn ló ń tú kúrò ní orí rẹ̀, bí òwú ṣe ń tú kúrò lára kẹ̀kẹ́ òwú tí kò yí rárá. Láti ìgbà náà ni ohun tí kò wúwo ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ ti lè fò tó ogójì mítà lójú omi.

Ẹja àtọwọ́dá náà ní ìtàn tirẹ̀. Onírúurú ni wọ́n, àwọn kan rí bí ẹ̀yìn ṣíbí, àwọn kan jẹ́ róbà rírọ̀, àwọn kan sì rí bí ẹja gidi tó ní ojú àti ìrù. Èyí tí ayé mọ̀ jù, ọwọ́ apẹja tálákà kan ní ilẹ̀ Finland ló ti jáde ní ọdún 1936. Lauri Rapala ni orúkọ rẹ̀. Bí ó ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kiri, ó ṣàkíyèsí pé bí ẹja ńlá bá já wọ àárín ọ̀pọ̀ ẹja kékeré, èyí tó ń wẹ̀ gẹ̀gẹ́rẹ̀gẹ̀, tó jọ pé ara rẹ̀ kò yá, ló máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Ó gbẹ́ ẹja kékeré kan pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó fi bébà dídán tí wọ́n fi ń di ṣokoléètì wé e, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò tí wọ́n ti lò tì láti fi kùn ún kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè búra pé ọmọ Ládìpọ̀ ni ọkùnrin náà.

Ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ nípa bass ni pé ojú nìkan kọ́ ló fi ń ríran. Ìlà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ara ẹja láti ẹ̀yìn orí títí dé ìrù, ìlà náà ló fi ń mọ̀ bí omi bá mì nítòsí rẹ̀. Nítorí náà, kò tó kí ẹja àtọwọ́dá dán, ó gbọ́dọ̀ mi omi bí ẹni tó wà nínú ìṣòro. Apẹja á fà á, á dúró, á tún fà á lẹ́ẹ̀mejì, á jẹ́ kó rì díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tó bá dúró yẹn gan-an ni ẹja máa ń gbé e. Ìdájí àti àṣálẹ́ ló dára jù, pàápàá nígbà tí omi òkun bá ń wọlé tàbí tó ń jáde, nítorí pé omi tó ń rìn ló ń gbé ẹja wẹ́wẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ibẹ̀ sì ni àwọn bass máa ń ba sí nínú ìfófòó funfun.

Ọ̀pá tí wọ́n ń lò kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lọ, ẹja àtọwọ́dá náà sì máa ń wọn gíráàmù 10 sí 30. Ó fẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè dì í mú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nígbà tí ẹja bá dé etí omi, kò yẹ kí èèyàn fi ọwọ́ lásán gbá a mú, nítorí pé ẹ̀gún wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, etí ìdérí ìjàgbọ́n rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ òfin.

Bass kì í tètè dàgbà. Nínú omi tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abo rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà kó tó lè yé ẹyin, ìgbà tí ara rẹ̀ bá sì ti tó sẹ̀ǹtímítà 42 ni ìyẹn máa ń jẹ́. Ẹja tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ó kù díẹ̀ kó tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ apẹja, ó lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ní ìgbà òtútù, àwọn àgbà ẹja náà máa ń péjọ sí òkun jíjìn láti yé ẹyin, àwọn ọmọ wọn á sì wá dàgbà ní ẹnu odò àti inú ọ̀sà. Ìjọba Bìrìtéènì mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya ibi tó lé ní ọgbọ̀n sọ́tọ̀ ní ọdún 1990 gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú ọmọ bass, tí wọ́n sì dín ìpẹja kù níbẹ̀.

Síbẹ̀, kò tó. Àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá ń lọ bá àwọn àgbà ẹja níbi tí wọ́n péjọ sí, wọ́n sì ń fi àwọ̀n kó wọn ní àkópọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2014, ó ti hàn gbangba pé bass ń lọ sópin. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de fífi irú àwọ̀n ńlá bẹ́ẹ̀ kó bass ní àkókò ìyéyin. Ní ọdún kan náà, wọ́n ní ẹni tó ń fi ìwọ̀ ṣeré kò gbọdọ̀ mú ju mẹ́ta lọ lóòjọ́, wọ́n sì gbé gígùn tó kéré jù láti sẹ̀ǹtímítà 36 lọ sí 42. Ní ọdún 2016, òfin tún le sí i. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, gbogbo èyí tí oníwọ̀ bá mú, omi ni yóò dá a padà sí. Lẹ́yìn náà, ẹyọ kan lóòjọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníwọ̀ ló bínú sí ẹyọ kan yìí, ó sì tọ́ kí wọ́n bínú, torí pé àwọn kọ́ ni wọ́n kó ẹja tán. Ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì kí a sọ pé láàárín wọn náà ni ariwo ti kọ́kọ́ dìde. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 1973, Bass Anglers' Sportfishing Society, tí wọ́n ti ń pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí ìjọba jẹ́ kí ẹja bímọ kí wọ́n tó pa á. Ìdí tí oníwọ̀ fi lè sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọ̀n kì í bi ẹja léèrè ọjọ́ orí. Ẹja tó bá sì gbé ekòló sábà máa ń gbé ìwọ̀ mì wọnú. Ṣùgbọ́n ẹja tó bá bu ẹja irin jẹ, ètè ni ìwọ̀ sábà máa ń kọ́ ọ, láàyè ló ń dé ọwọ́ ẹni tó mú un, ó sì lè padà sílé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń fi pẹ́láyà tẹ ẹ̀gún ara ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rọrùn láti yọ. Ẹni tó bá wà ní Bìrìtéènì lónìí, tó sì fẹ́ dán an wò, kí ó kọ́kọ́ wo òfin ọdún náà, torí pé iye tí wọ́n gbà láyè àti oṣù tí wọ́n gbà á ń yí padà lọ́dọọdún.

Ká wá sọ̀rọ̀ bọ̀ sílé. Bass kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Láti Norway ló ti ń wá, etíkun Sẹ̀nẹ̀gà ló sì ti ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹja tó ń ṣọdẹ bíi tirẹ̀ kò wọ́n wa. Kúta ni ọ̀gá wọn. Ara rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀, eyín rẹ̀ jáde bí ayùn, bí ó bá rí sáwá tó ń dán nínú omi, bí ọta ìbọn ló ṣe ń lọ. Ẹja irin tí wọ́n ń jù sí bass, kúta kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbá a mú. Àtúnṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Okùn tí bass kò lè gé, kúta á gé e bí ẹni gé ẹ̀wà, nítorí náà, wáyà tó gùn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín okùn àti ìwọ̀.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀sà Èkó ní sí òkun, ìyẹn láàárín àwọn òkúta ńlá tí wọ́n tò wọnú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, òkúta láti agbègbè Abẹ́òkúta ni wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin kó wá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ máa ń gba ibẹ̀ wọlé dé inú ọ̀sà, àwọn ẹja òkun á sì tẹ̀ lé e. Bí òjò bá ti dé, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn á tú omi dúdú sílẹ̀, iyọ̀ á pòórá, ewé orí omi tó kọ́kọ́ wọ ọ̀sà wa ní ọdún 1984 á sì bo gbogbo ojú ibẹ̀. Nítorí náà, àkókò ẹni tó ń lo ẹja irin ní Èkó kò pọ̀: oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí omi bá mọ́ díẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti Àwórì tó ń jẹun nínú omi náà. Ọ̀pá kan kò lè bọ́ Makoko. Ìṣòro tó ń bá àwọn apẹja wọ̀nyí fínra yàtọ̀. Òfin ìpẹja òkun ti ọdún 1992 ní ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun márùn-ún sí èbúté, síbẹ̀ àwọn apẹja onípẹẹrẹ kò dákẹ́ ẹjọ́ pé wọ́n ń wọlé, wọ́n sì ń fa àwọ̀n àwọn ya. Àwọn náà, kí a má purọ́, àwọn kan nínú wọn ń lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja tí kò tíì bímọ rí. Inú ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja òkun ti ń dàgbà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ bass ṣe ń dàgbà ní ẹnu odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n bá kó níbẹ̀ lónìí ni kò ní sí nínú òkun lọ́dún mẹ́ta òní.

Níbi tí Ládìpọ̀ ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyí. Kúta ń fi ojú ṣọdẹ. Bí omi bá dúdú, kò ní rí sáwá, kò sì ní rí ẹja irin. Omi tó ń ṣàn kúrò ní Mushin kò ní ibòmíràn tó ń lọ: gọ́tà ń gbé e lọ sí kánáàlì, kánáàlì ń gbé e lọ sí ọ̀sà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré kan, nǹkan bíi lítà mẹ́rin ọ́ìlì dúdú ló ń jáde, ìyẹn bíi gálọ́ọ̀nù kan. Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ti lò lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi mímu jẹ́. Kí èèyàn wá ka iye ọkọ̀ tí wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì wọn ní Ládìpọ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Kì í ṣe pé gbogbo mẹkáníìkì ló ń dà á nù. Ọ́ìlì dúdú ní olùrà. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń fi í pa mọ́ọ̀dù kí sìmẹ́ńtì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn kan ń fi í kun igi nítorí ikán. Ẹni tó bá ní dúrọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ̀ pé owó ló ń kó jọ. Ẹni tí kò ní, ilẹ̀ ló ń dà á sí, tí òjò bá sì rọ̀, Makoko ni yóò gbé e lọ.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí a kìlọ̀ nípa rẹ̀. Òjé kéékèèké tí àwọn vulcanizer ń kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ wíìlì láti fi mú un dọ́gba, ọmọ tó bá gbọ́n lè rò pé òun á yọ́ ọ kí òun fi ṣe ẹja irin, torí pé ó wúwo, ó sì rọrùn láti yọ́. Kí wọ́n má dán an wò nínú ìkòkò ìdáná. Èéfín òjé ń wọ ara, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Òjé yìí kan náà ló pa ọmọ tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà nínú ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1987 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀pọ̀ òjé ìwọ̀ ẹja, nítorí pé ẹyẹ ńlá funfun tó ń gbé orí odò wọn ń gbé e mì, ó sì ń kú. Irin tàbí bàbà kékeré tí wọ́n gé, tí wọ́n fi fáìlì rá títí ó fi dán, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, kúta kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí ó má dá nìkan lọ sórí òkúta ẹnu òkun, nítorí pé ìgbì ibẹ̀ ti gbé ẹni tó mọ omi wẹ̀ dáadáa. Kí ó wọ ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó. Kí ó dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Kí ó mú wáyà tó pọ̀ dání, torí pé kúta yóò bà á jẹ́, kí ó sì mú ọ̀pá ìwọnlẹ̀ tàbí kí ó fi àmì sí ara ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, kí èyí tó kéré lè padà sínú omi. Kí ó má sì ṣe ti ọwọ́ bọ ẹnu ẹja náà láé, ì báà ti kú. Pẹ́láyà ẹlẹ́nu gígùn ni wọ́n fi ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu kúta, ìyẹn sì wà ní Ládìpọ̀, tuntun àti tòkunbọ̀.